Ta ló dìbò fún un? Bí Sínọ́ọ̀dù ṣe ń ṣe ìpinnu nínú ìjọ Áńgílíkà

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, a ò tíì jẹun ọ̀sán tán tí ìròyìn kan fi gba orí WhatsApp ìjọ wa: wọ́n ti kéde Sarah Mullally, Bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, pé òun ni yóò jẹ Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Canterbury, ìyẹn olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 597 tí Augustine, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ oyè náà, ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, obìnrin kan ò jókòó sórí àga náà rí ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Mullally ṣe kó tó di àlùfáà, òun sì ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì lábẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1999 sí 2004.

Àwọn kan fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́, àwọn kan fi ojú tó ń sunkún. Bàbá kan tó ti ṣe wọ́dìn rí láàárín wa kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn béèrè pé, “Ta ló dìbò fún un?” Ẹnì kan ní Ọba Charles ló yàn án. Ẹlòmíì ní rárá, Olóòtú Ìjọba ni. Ẹnì kẹta ní àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló tilẹ̀kùn mọ́rí tí wọ́n mú ẹni tó wù wọ́n. Òótọ́ díẹ̀díẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dáhùn ìbéèrè Bàbá.

Ìgbìmọ̀ kan tó ní olùdìbò 17 ló mú orúkọ Mullally jáde. Mẹ́fà nínú wọn jẹ́ ẹni tí Sínọ́ọ̀dù Àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àpéjọ tó ń ṣòfin fún ìjọ, fi ìbò yàn, àlùfáà mẹ́ta àti ọmọ ìjọ lásán mẹ́ta. Márùn-ún wá láti àwọn ìjọ Áńgílíkà káàkiri àgbáyé, mẹ́ta láti dáyósíìsì (agbègbè tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù kan) ti Canterbury fúnra rẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù méjì, àti alága kan tí Olóòtú Ìjọba yàn. Ẹni tí wọ́n bá máa mú gbọ́dọ̀ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò wọn, ìyẹn 12. Lẹ́yìn èyí ni orúkọ máa dé ọ̀dọ̀ Olóòtú Ìjọba, kí òun tó gbé e fún Ọba. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà ò lè dárúkọ obìnrin kankan rárá, bí kì í bá ṣe ìbò kan tí wọ́n dì ní ìlú York lọ́dún 2014. Ìbò ọdún 2014 náà ní ẹ̀gbọ́n kan tó forí ṣánpọ́n ní 2012, ẹ̀gbọ́n yẹn gan-an ló sì jẹ́ kí n mọ ohun tí Sínọ́ọ̀dù ń jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ní Church House, ilé ńlá kan tó wà lẹ́bàá Westminster Abbey ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbọ̀ngàn róbótó ni wọ́n ti ń pàdé níbẹ̀, àga yí gbogbo rẹ̀ ká bí ìgbà tí àwọn èèyàn bá pagbo wo eré. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni bóyá obìnrin lè di bíṣọ́ọ̀bù. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, alága ń dín àkókò tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan kù bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ. Àwọn èèyàn ti gbà pé ó ti parí, torí dáyósíìsì 44 ni wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ ṣáájú, 42 nínú wọn ló sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, ohun tí wọ́n rí nìyí: nínú àwọn bíṣọ́ọ̀bù, 44 gbà, 3 kọ̀. Nínú àwọn àlùfáà, 148 gbà, 45 kọ̀. Nínú àwọn ọmọ ìjọ, 132 gbà, 74 kọ̀.

Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n kan: 324 gbà, 122 kọ̀. Ní ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tiwa níbí, ẹni tó bá ní irú iye yẹn á ti máa jó lójú títì. Níbẹ̀, àbá náà ṣubú.

Ìdí ni pé Sínọ́ọ̀dù kì í da ìbò sínú agbọ̀n kan nínú irú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé mẹ́ta ni: Ilé Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù, Ilé Àwọn Àlùfáà, Ilé Àwọn Ọmọ Ìjọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, oyè àlùfáà tàbí ìlànà ìsìn, àfi kí ilé kọ̀ọ̀kan fi ìdá méjì nínú mẹ́ta fọwọ́ sí i. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 206 jẹ́ 138. Ọmọ ìjọ 132 ló gbà. Ó ku mẹ́fà. Èèyàn mẹ́fà, tí kò sí bíṣọ́ọ̀bù tàbí àlùfáà kankan nínú wọn, ló dá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dúró lálẹ́ ọjọ́ náà. Obìnrin sì wà lára àwọn tó dìbò pé àwọn ò fẹ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí, mo ní ẹ̀tàn ni. Nísinsìnyí, mo rò pé ohun tí wọ́n kọ́ ilé náà fún gan-an nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ yí nǹkan padà gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́ta. Ẹni tí kò fẹ́, ilẹ̀kùn kan péré ló ní kó di mú. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn aṣòfin tutọ́ sókè wọ́n fojú gbà á. David Cameron tó jẹ́ Olóòtú Ìjọba nígbà náà dìde nílé aṣòfin, ó ní kí ìjọ náà tètè bá ayé mu. Àwọn kan ń halẹ̀ pé ilé aṣòfin á bá ìjọ ṣe òfin náà tipátipá. Kò pọn dandan níkẹyìn. Wọ́n tún àbá náà kọ, wọ́n sì ṣètò fún ìjọ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gba obìnrin pé kó béèrè fún bíṣọ́ọ̀bù ọkùnrin. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2014, ní yunifásítì ìlú York, ó kọjá: bíṣọ́ọ̀bù 37 sí 2, àlùfáà 162 sí 25, ọmọ ìjọ 152 sí 45. Oṣù kìíní ọdún 2015 ni wọ́n ya Libby Lane sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù obìnrin àkọ́kọ́ nínú ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú kàtídírà York. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà ló kan Mullally. Nítorí náà, bí Bàbá bá ń wá àwọn tó dìbò, àwọn ọmọ ìjọ 152 yẹn wà lára wọn.

Ibo ni àwọn ọmọ ìjọ ti rí àga jókòó láàárín bíṣọ́ọ̀bù? Láyé àtijọ́, ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Convocation ló wà ní Canterbury àti ní York, ti bíṣọ́ọ̀bù àti àlùfáà nìkan. Lọ́dún 1717, aáwọ̀ láàárín wọn le tó bẹ́ẹ̀ tí Ọba fi dá ti Canterbury dúró, wọn ò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ gidi títí di 1852. Ohùn ọmọ ìjọ wà nílé aṣòfin ìlú, torí èrò ìgbà náà ni pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ọmọ ìjọ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èèyàn kan náà. Nígbà tó yá, ilé aṣòfin kún fún oríṣiríṣi onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, ó sì wá di ẹni tó ń ṣòfin fún ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Òfin ọdún 1919 ló fún Àpéjọ Ìjọ tuntun lágbára, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ ti ní ilé tiwọn. Ọdún 1970 ni Sínọ́ọ̀dù Àpapọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má rò pé ilé aṣòfin ti wá gba ilé lọ o. Lọ́dún 1927, ìjọ ṣe ìwé àdúrà tuntun, Àpéjọ fọwọ́ sí i, wọ́n gbé e dé ilé aṣòfin kékeré. Wọ́n kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbò 238 sí 205. Ìjọ tún un ṣe díẹ̀, wọ́n gbé e padà lọ ní 1928. Wọ́n tún kọ̀ ọ́, 266 sí 220. Àwọn tí kò jọ́sìn níbẹ̀ wà lára àwọn tó ń sọ irú àdúrà tí wọ́n lè gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìjọ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, títí tí òfin 1974 fi fún Sínọ́ọ̀dù lágbára lórí ìlànà ìsìn. Síbẹ̀, títí di òní, òfin ìjọ tó bá lágbára bí òfin ìlú gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin, kí ilé méjèèjì gbà á, kí Ọba sì fọwọ́ sí i. Wọ́n lè gbà á, wọ́n lè kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè yí kọ́mà kan padà nínú rẹ̀.

Ibi tó wù mí jù nínú gbogbo ètò yìí kò sí ní Westminster. Nínú yàrá ẹ̀yìn ìjọ ni, lẹ́yìn ìsìn, níbi tí tíì ti ń tutù.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí oṣù Karùn-ún tó parí, ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ṣe ìpàdé ọdọọdún. Ẹni tó lè dìbò níbẹ̀ ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé olùdìbò ìjọ: ẹni tó ti ṣèrìbọmi, tó ti pé ọdún 16, tó ń gbé ládùúgbò ìjọ náà tàbí tó ti ń jọ́sìn níbẹ̀ déédéé fún oṣù mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń fa ìwé náà ya tí wọ́n ń kọ òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. 2025 ni wọ́n ṣe èyí kẹ́yìn. Àbọ̀ owó á wáyé, ọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò á wáyé, wọ́n á yan wọ́dìn. Lẹ́yìn náà ni fíkà, ìyẹn àlùfáà ìjọ náà, á wá béèrè pé, “Ta ni yóò ṣojú wa ní deanery synod?” Ìyẹn ni àpéjọ àwọn ìjọ tó wà ní agbègbè kan. Gbogbo yàrá á pa lọ́lọ́. Ẹnì kan á máa wo bàtà rẹ̀, ẹnì kan á rántí pé òun gbé nǹkan sórí iná. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á na ọwọ́ sí ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: “Arákùnrin, ẹ bá wa lọ.” Ẹni tó bá ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé mi ò bù mọ́ ọn.

Àwọn tí wọ́n sì rán lọ bẹ́ẹ̀ ni olùdìbò. Àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní deanery synod, àwọn nìkan ló ń dìbò yan Ilé Àwọn Ọmọ Ìjọ ní Sínọ́ọ̀dù Àpapọ̀, ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹni tó ń jókòó nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi kò ní ìbò tààrà. Arákùnrin tó pẹ́ dé ibi tíì ló ní in. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ kí nǹkan yí padà, tàbí tí wọn ò fẹ́, àwọn tó gbọ́n láàárín wọn ti mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ ìdìbò ńlá ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ń wo bàtà ni. Mo mọ àwọn ọmọ Yorùbá tó ti jọ́sìn nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù fún ogún ọdún, tí wọ́n ń se ìrẹsì fún gbogbo àjọ̀dún, tí wọn ò mọ̀ pé ìwé kan wà tó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí.

Nínú Sínọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, nǹkan bí èèyàn 480 ló ń jókòó. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń pàdé lọ́dún: ní Church House nígbà òtútù, ní York ní oṣù Keje, níbi tí wọ́n ti ń sùn nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lọ sí ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe kò lárinrin: owó ìfẹ̀yìntì, ààbò ọmọdé, ìṣètò ìjọ ìgbèríko. Fún àbá tí kò kan ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ìbò tó bá pọ̀ jù ló ń borí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ 25 bá dìde dúró pé àwọn fẹ́ kí wọ́n kà á ní ilé-ní-ilé, ọ̀rọ̀ dà, torí ilé kan ṣoṣo tó bá kọ̀ ti tó láti pa á.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ ìjọ nìkan ló ń di ilẹ̀kùn mú. Kánádà rí òdì kejì rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2016, Sínọ́ọ̀dù Àpapọ̀ wọn pàdé lẹ́bàá Toronto lórí àbá pé kí ìjọ lè so ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì pọ̀ ní tọkọtaya. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn ń tẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n fi dìbò. Alẹ́ ọjọ́ Ajé, wọ́n kéde pé ọmọ ìjọ gbà, bíṣọ́ọ̀bù gbà, ṣùgbọ́n àlùfáà 51 gbà, 26 kọ̀: ó fi ìbò kan ṣoṣo ṣubú. Àwọn kan sunkún, àwọn kan lọ sùn pẹ̀lú ìdùnnú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ìbò jáde, wọ́n sì rí i pé akọ̀wé àgbà Sínọ́ọ̀dù, tó jẹ́ àlùfáà, ẹ̀rọ ti kà á mọ́ ọmọ ìjọ. Wọ́n gbé ìbò rẹ̀ padà sí ilé rẹ̀. Ó di 52 sí 26, èyí tó jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta géérégé, kò lé, kò dín. Àbá náà kọjá.

Ṣùgbọ́n òfin wọn ní kí irú àbá bẹ́ẹ̀ kọjá ní Sínọ́ọ̀dù méjì tẹ̀léra. Ní 2019, ní Vancouver, ọmọ ìjọ tó gbà jẹ́ ìdá 80.9 nínú ọgọ́rùn-ún, àlùfáà 73.2. Bíṣọ́ọ̀bù jẹ́ 62.2. Ó ṣubú. Àwọn tó sọ ní 2012 pé ọmọ ìjọ díẹ̀ ló fi agídí dá ìjọ Gẹ̀ẹ́sì dúró kò rí ọ̀rọ̀ kan náà sọ nígbà tó jẹ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù díẹ̀ ló dá Kánádà dúró. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ìlànà ìdìbò kì í sábà bí èèyàn nínú, àfi ìgbà tó bá ká òun mọ́.

Ó wá ku ilé.

Ìjọ Áńgílíkà kò ní Póòpù. Ìjọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin ara rẹ̀. Ìpàdé Lambeth tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbáyé ti ń ṣe láti 1867 lè sọ èrò rẹ̀, kò lè ṣòfin. Ìbò tí wọ́n dì ní York kò lè fi obìnrin kan jẹ àlùfáà ní Ìbàdàn. Láti 24 oṣù Kejì ọdún 1979 ni Nàìjíríà ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìjọ tirẹ̀, tí Timothy Olufosoye jẹ́ Áṣíbíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, òun náà sì ní ilé mẹ́ta.

Ẹni tó bá ti lọ sí Sínọ́ọ̀dù dáyósíìsì rí nílẹ̀ yìí mọ bó ṣe ń rí. Ọdún mẹ́ta ni Sínọ́ọ̀dù kan, ìpàdé kan lọ́dún. Ìjọ tó gbàlejò á ti kun ògiri, á ti ra àga tuntun. Àwọn ìyá á ti dáná láti òru. Bíṣọ́ọ̀bù á ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, tó lè gba wákàtí mélòó kan, abẹ̀bẹ̀ á máa lọ sókè sódò. Agbẹjọ́rò àgbà dáyósíìsì á jókòó lápá kan pẹ̀lú aṣọ àti wíìgì rẹ̀. Bí àbá bá dé, wọ́n á ní kí ẹni tó fara mọ́ ọn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbọ̀ngàn á mì. “Ẹni tí kò fara mọ́ ọn?” Ẹ máa gbọ́ ìró fáànù. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, ìwé àtẹ̀jáde á jáde lórí ọ̀nà tó bàjẹ́, iná mànàmáná àti ààbò, àwọn oníròyìn á sì gbé e. Èmi ò fi ṣẹ̀sín o. Nígbà tí ológun ń jọba, irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lára ohun díẹ̀ tó lè bá ìjọba wí ní gbangba. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í wá ibẹ̀ láti rí ìbò tó fi díẹ̀ péré borí.

Yíyan bíṣọ́ọ̀bù ni ìyàtọ̀ ti hàn jù. Ní Amẹ́ríkà, dáyósíìsì ló ń pe Sínọ́ọ̀dù tirẹ̀ jọ, àlùfáà àti ọmọ ìjọ á sì dìbò yan bíṣọ́ọ̀bù wọn. Ní Nàìjíríà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ló ń yan bíṣọ́ọ̀bù, àwọn náà ló sì ń yan olórí gbogbo wọn. Àwọn kan rí i pé ó ń dènà ìpolongo àti ìjà ìlú sí ìlú, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìwọ̀n, torí a mọ ara wa. Àwọn mìíràn ní ọmọ ìjọ ń san owó, wọn ò sì mọ ẹni tó ń bọ̀ títí ìwé ìkéde á fi dé.

Èyí kì í ṣe ẹjọ́ tuntun ní Èkó. Lọ́dún 1901, lẹ́yìn tí wọ́n fi James Johnson jẹ bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́, ìjọ rẹ̀ ní St. Paul's, Breadfruit, àti Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell kò gbọ́ ara wọn yé lórí ipò rẹ̀ àti ilé tó ń gbé. Àwọn ọmọ ìjọ kọ̀wé, wọ́n bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn bí wọ́n ṣe fẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọ̀pọ̀ wọn dìde kúrò. Jacob Kehinde Coker wà níwájú wọn. Ibẹ̀ ni ìjọ African Church ti ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ju pé kí ọ̀rọ̀ ọmọ ìjọ ní ìwọ̀n níbi tí wọ́n ti ń pinnu nípa ilé ọmọ ìjọ. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ.

Ẹni tó dá ṣe tirẹ̀ wà náà. Lọ́dún 1993, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Haruna ti Kwara gbọ́wọ́ lé obìnrin mẹ́ta lórí, ó fi wọ́n joyè nínú ìjọ. Ìjọ Nàìjíríà sọ pé òfo ni, torí bíṣọ́ọ̀bù kan kò tó láti ṣí ilẹ̀kùn tí gbogbo ilé kò tíì ṣí.

Ìpinnu Sínọ́ọ̀dù Nàìjíríà tó tíì ròkè jù lágbàáyé wáyé ní Onitsha, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, lábẹ́ Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Peter Akinola. Ọdún méjì ṣáájú, ìjọ Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Gene Robinson, ọkùnrin tó ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin, gẹ́gẹ́ bí bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará New Hampshire ló kọ́kọ́ dìbò yàn án, kí àpéjọ gbogbo ìjọ tó gbà á. Onitsha fèsì nípa yíyọ orúkọ Canterbury kúrò nínú òfin ìjọ Nàìjíríà. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ka ara wọn mọ́ àwọn tó bá Canterbury ní ìrẹ́pọ̀. Látìgbà náà, àwọn tó bá di ìgbàgbọ́ àtijọ́ mú ni wọ́n bá ní ìrẹ́pọ̀. Ìbò Sínọ́ọ̀dù kan fèsì sí ìbò Sínọ́ọ̀dù mìíràn, láti òkè òkun dé òkè òkun. Torí náà, nígbà tí ìròyìn Mullally dé lọ́dún 2025, tí Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Henry Ndukuba sọ pé ìjọ Nàìjíríà kò fara mọ́ ọn, ogún ọdún ni ọ̀nà tó tọ̀ ti là. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá kan náà, GAFCON, ẹgbẹ́ àwọn Áńgílíkà tó di ìgbàgbọ́ àtijọ́ mú, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, gbé ìwé jáde láti ọwọ́ Laurent Mbanda, Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Rwanda, pé àwọn ò ní lọ sí ìpàdé tí Canterbury bá pè mọ́.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tó ń dá wọn láàmú jù báyìí kì í ṣe ti obìnrin. Ọ̀rọ̀ àdúrà ìbùkún fún ọkùnrin àti ọkùnrin, obìnrin àti obìnrin ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Sínọ́ọ̀dù fara mọ́ ètò náà: bíṣọ́ọ̀bù 36 sí 4, àlùfáà 111 sí 85, ọmọ ìjọ 103 sí 92. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá, wọ́n béèrè bóyá kí wọ́n lè dán ìsìn tó dá dúró fún irú àdúrà bẹ́ẹ̀ wò, dípò kó jẹ́ apá kan nínú ìsìn mìíràn. Bíṣọ́ọ̀bù 23 sí 10, àlùfáà 100 sí 93, ọmọ ìjọ 104 sí 100. Bí ọmọ ìjọ méjì péré bá yí ọkàn padà, ọ̀mì ni ì bá jẹ́, àbá náà ì bá sì ṣubú.

Ẹ wò ó dáadáa: wọ́n ka ìbò yẹn bí àbá lásán, kì í ṣe bí ìlànà ìsìn tuntun. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ìjà gidi wà. Àwọn tí kò fẹ́ ń sọ pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà. Àwọn tó fẹ́ ń sọ pé àdúrà lásán ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àwọn bíṣọ́ọ̀bù kéde pé ìsìn tó dá dúró gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà ńlá, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan. Nínú ọmọ ìjọ 204 tó dìbò lọ́jọ́sí, ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ 136. Wọ́n ní 104. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó lè fi àlàyé di àlàfo 32 yẹn. Ìdìbò nìkan ló lè dí i, tàbí kó fẹ̀ ẹ́ sí i.

Ìdìbò náà sì ti dé. Sínọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọdún márùn-ún rẹ̀ pé ní 2026. Ọdún 2026 kan náà ni àwọn ìjọ tún ń yan àwọn tí wọ́n ń rán lọ sí deanery synod. Arákùnrin tó pẹ́ dé ibi tíì ni yóò mú ìwé ìdìbò lọ́wọ́.

Mo kọ díẹ̀ nínú gbogbo èyí sórí WhatsApp wa, lóhùn kúkúrú. Bàbá wọ́dìn kà á. Mo rí i tí àmì náà di búlúù. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fèsì: “O ṣé. Tiwa ńkọ́, ta ni a rán lọ sí Sínọ́ọ̀dù lọ́dún yìí?” Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni akọ̀wé fi ìkéde aṣọ ẹgbẹ́ ìkórè ránṣẹ́, gbogbo èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń ta á.